Fèrèsé Tí Mo Fi Ọ̀dà Dí

Pálọ̀ ilé wa,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí.

Ọmọ mi àtàtà, Aláwọ̀-Méje,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé ọwọ́ tó ń di búrọ́ṣì mú kò máa ro ọ́? Ṣé ẹ̀yìn kò dùn ọ́, torí mo mọ ìjókòó iṣẹ́ yín yẹn, bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná ni. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìdúró, jọ̀wọ́ jókòó. Bí ó bá bá ọ lórí ìjókòó, má dìde títí o ó fi kà á tán. Ní tèmi, mo wà láàyè. Orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn tí ó ti gbàgbé òróró, ṣùgbọ́n ẹnu ṣì mú, o kúkú mọ̀.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán gbà, pé àwọn ènìyàn yóò gbé ọkọ̀ wá ní ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù yìí láti wá gbé àwòrán ìyá rẹ lọ síbi ìpàtẹ àwòrán rẹ, àti pé ẹnu ọ̀nà gan-an lo fẹ́ gbé e kọ́ sí, kí ó lè jẹ́ òun ni ẹni tó bá wọlé yóò kọ́kọ́ fojú kàn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. O wá fi kún un pé, “Ẹ ṣé tí ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀, Bàbá.” Gbólóhùn yẹn ni mo ń gbé kiri láti ọjọ́ náà. Ǹ bá pè ọ́ lórí tẹlifóònù, àmọ́ bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, àwàdà ni ẹnu mi yóò máa ṣe. Pépà kì í rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó tì í.

Ìròyìn tó rọrùn fún mi láti kọ́kọ́ sọ ni pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún mi. Káfíńtà, aládùúgbò wa tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ògiri wa, ló fi tipátipá mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ojú lẹ́yìn tí mo bọ́ sínú gọ́tà lójú ọ̀sán gangan. Dókítà ojú náà, ọmọdébìnrin ni, bí ẹni pé àná ló parí ilé ìwé. Ó fi iná wo ojú mi, ó ní awọ kan ti bo ẹyin ojú méjèèjì, ó sì ti pọ́n bí omi tíì. Ó ní yóò ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń wo ayé láti inú ife tíì. Mo ní, “Dókítà, ṣé tíì náà ní ṣúgà?” Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé, “Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?” Mo ní ilé ni mo ń kùn. Ó wò mí bí ẹni tó rí afọ́jú lẹ́yìn ìwakọ̀. Ó ní, “Nínú ọdún mẹ́fà yìí náà? Ta ló wá ń bá yín wo àwọ̀?”

Òun ló là á yé mi pé àwọ̀ tó kọ́kọ́ ń kú lójú irú mi ni búlúù. Búlúù á di eérú. Yẹ́lò ní tirẹ̀ á ṣá títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, ẹni tó bá wá fẹ́ rí yẹ́lò á máa bù ú kún un, á máa bù ú kún un. Mo gbọ́, mo mi orí. Mi ò tíì mọ̀ pé ẹjọ́ mi ló ń kà.

Nígbà tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú náà, aṣọ dókítà ni mo kọ́kọ́ rí. Búlúù! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí lójú. Mo délé, mo rí korobá tí mo fi ń pọn omi láti ìgbà tí ìyá rẹ ti rà á, tí mo máa ń pè ní “korobá eérú yìí”. Búlúù ni. Mo wọ pálọ̀, ògiri sì kígbe mọ́ mi. Ògiri tí mo fọwọ́ ara mi kùn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tí mo ń pè ní àwọ̀ wàrà, yẹ́lò ni, yẹ́lò tó ń bú ènìyàn tìyá-tìyá. Mo pe Káfíńtà, mo ní, “Ta ló kun ibí yìí báyìí?” Ó ní, “Ẹ̀yin náà ni, Bàbá Ọlọ́dà.” Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí. Ó ní, “Ta ni yóò dúró síwájú ẹkùn láti sọ fún un pé ìrù rẹ̀ wọ́?” Ìgbà náà ló tó yé mi ìdí tí baba onílé alájà méjì yẹn fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, tí mo bá a jà lójú pópó, tí mo pè é ní aláìmoore.

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Mo ń yí po bí ajá tó fẹ́ sùn.

Rántí ọjọ́ tí o gbé àwòrán náà wá. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti ń dùn ún nígbà náà, kò lè rìn jìnnà mọ́. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ń bá ṣọ̀rẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. O tú àwòrán náà ní pálọ̀, o fi ti ògiri. Òun nìyẹn, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gbójú sókè sí fèrèsé. Ìwọ kò wo àwòrán náà rárá. Èmi lò ń wò. Ojú rẹ ń tàn bí ti ọjọ́ tí o kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ. Èmi sì wò ó, eérú ni mo rí láti òkè délẹ̀. Mo ní, “Ìyá rẹ kò tíì kú o, kí ló dé tí o ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀? Ṣé inú ààrò lo ti yà á ni?” Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín. O ní, “Bàbá, ẹ wò ó dáadáa.” Mo ní mo ti wò ó, pé ẹni bá bu eérú fún mi, mi ò ní pè é ní ìyẹ̀fun. O fi ọdún mẹ́rin kọ́ bí wọ́n ṣe ń kun ohun tí kò tó ilẹ̀kùn, mo tún sọ ìyẹn náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, o ti di ẹrù rẹ.

Láti ọjọ́ yẹn, ìyá rẹ nìkan lò ń pè, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo gbé e, o ó ní, “Ẹ káàsán, Bàbá, ẹ bá mi gbé e fún Màámi.” Ẹnu ọ̀nà ni mo jẹ́ nínú ilé ara mi.

Káfíńtà gbé àwòrán náà kọ́ sí iwájú àga rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ dákẹ́. Obìnrin tí mo ti ń pa lẹ́rìn-ín láti ọdún mẹ́tàlélógójì! Bí mo bá ju àwàdà kan sí i, yóò jábọ́ sílẹ̀ bí ọ̀dà tó kọ ògiri. Àwòrán ni ó ń wò ṣáá. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, “Kí lò ń wò?” Ó ní, “Ọkọ mi ni mò ń wò.” Mo ní, “Ẹ̀yìn rẹ ni ọkọ rẹ wà.” Ó ní, “Ti ẹ̀yìn yẹn ń pariwo jù.” Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó sì yẹ mí bẹ́ẹ̀, n kò bínú. Mo kàn ń ka àwọn ọ̀sẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín.

O mọ̀ pé mo gba àwọ̀ gbọ́. Ìwé kọ́ ló kọ́ mi, orí àkàbà ni mo ti kọ́ ọ. Mo kun ọ́fíìsì lọ́yà kan ní pupa nítorí pé ó ní òun fẹ́ ohun tó lágbára. Kò tó oṣù mẹ́ta tí akọ̀wé àti olùtẹ̀wé rẹ̀ fi ń sọ kọ́kọ́rọ́ lu ara wọn. Mo kun yàrá tíṣà kan tí kì í rí oorun sùn ní àwọ̀ ewé, ó sùn débi pé ó pẹ́ dé ilé ìwé, ó wá fẹjọ́ mi sùn mí. Ilé tí a bá kùn ní àwọ̀ eérú, mo máa ń sọ fún àwọn onílé pé kí wọ́n ra aṣọ dúdú sílẹ̀. Nítorí náà, èmi dókítà tí kò lọ ilé ìwé, mo fún ìyá rẹ ní àyẹ̀wò: àwòrán yẹn ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ mu. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ara mi nìyẹn. Èyí tí mi ò sọ fún ara mi ni pé mò ń jowú páálí.

Ó wá di ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò ẹsẹ̀, tí wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ méjì. Mo gbé àwòrán náà sílẹ̀. Agolo mẹ́ta ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ọ̀dà olómi aláwọ̀ yẹ́lò tó ṣẹ́kù lára ògiri, àti pupa díẹ̀ pẹ̀lú funfun díẹ̀ tí a fi òróró pò, èyí tó ṣẹ́kù lára ilẹ̀kùn onílé alájà méjì. Mo fi yẹ́lò pa gbogbo fèrèsé àti ara ògiri inú àwòrán rẹ́. Mo po funfun mọ́ pupa, mo fi kun ojú ìyá rẹ àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kí ara rẹ̀ lè yá, kí ó lè jọ ẹni tó jẹun yó. Búrọ́ṣì tó kéré jù ni mo lò. Mo farabalẹ̀. Ọmọ mi, mò ń súfèé.

Nígbà tí ó dé, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń wo ojú rẹ̀, bí ìwọ náà ṣe dúró tí ò ń wo tèmi. Ó wò ó, ó pẹ́. Ó ní, “Bàbá wọn, ẹ ti dí fèrèsé mi.” Ó tán. Kò gbóhùn sókè. Ó ní kí n bá òun yí àga òun sí òdìkejì. Òdìkejì, ògiri lásán ni, kò sí ìṣó kan níbẹ̀. Mo ní, “Kí lo fẹ́ máa wò níbẹ̀?” Ó ní, “Ohun tí ẹ kò lè kùn.”

Bó ṣe jókòó nìyẹn, oṣù mẹ́rin. Bí o bá pè é ní ọjọ́ Àìkú, yóò gbé tẹlifóònù sétí, yóò kọjú sí ògiri lásán, yóò sì máa sọ fún ọ pé, “Iwájú rẹ̀ ni mo wà báyìí. Búlúù rẹ yẹn ń tù mí bí omi àárọ̀. Ó ṣì wà lórí àkàbà o, kò tíì sọ̀kalẹ̀ wá jẹun.” Ìwọ yóò rẹ́rìn-ín, mo máa ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo jókòó sí. Mo sọ fún Káfíńtà pé àìsàn ti dé orí ìyàwó mi. Mo bi ìyá rẹ lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tó ń parọ́ fún ọmọ. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó máa rò pé mo ṣì ń rí i. Ohun tí ọwọ́ yín ṣe, kò gbọdọ̀ ti ẹnu mi dé etí rẹ̀.” Lórí àga yẹn ló kú sí. Ojú ògiri ló kọ sí.

O wá sìnkú. Kí o tó dé, mo ti sọ àwòrán náà kalẹ̀, mo fi aṣọ ibùsùn dì í, mo fi í sẹ́yìn àpótí aṣọ. O bèèrè rẹ̀. Mo ní mo gbé e pamọ́ kí èrò má baà fọwọ́ kàn án. O dì mọ́ mi. O ní, “Mi ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀.” Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni tẹlifóònù ti ń dún fún mi ní ọjọ́ Àìkú. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo ti ń jẹ irọ́ yẹn bí owó ìfẹ̀yìntì.

Nígbà tí iṣẹ́ tí o rán dé, ojú mi sì ti là, mo ní kí Káfíńtà bá mi tú férémù rẹ̀, kí n wo ohun tí mo ṣe. Férémù náà ti bo etí àwòrán, búrọ́ṣì mi kò débẹ̀. Ìlà kan wà yí i ká, kò fẹ̀ ju ìka kan lọ. Búlúù. Mo ti po ọ̀dà fún àádọ́ta ọdún, mi ò po irú rẹ̀ rí. Mo wò ó títí èémí mi fi rọlẹ̀. Ṣé ohun tí ìyá rẹ ń mu lójoojúmọ́ nìyí, tí mo rò pé àwòrán náà ló ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu?

Gbogbo akunlé ló mọ̀ pé ọ̀dà olómi kì í di òróró mú. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Mo fi àkísà tútù àti èékánná bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, yẹ́lò náà sì ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ àkàbà kan yọ nínú fèrèsé. Mo rọra ń ṣí i lọ sókè. Ọkùnrin kan wà lórí àkàbà náà lóde, kò ju àtàǹpàkò mi lọ, búlúù nínú búlúù, ó ń kun ògiri. Ó yíjú sẹ́yìn, ó la ẹnu, ó ń ju àwàdà kan wọlé sí obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Èmi ni.

Mi ò rí i, ọmọ mi. Lọ́jọ́ tí o ní kí n wò ó dáadáa, mi ò rí i. O rò pé mo rí ara mi, mo sì pe ara mi ní eérú, mo pe ọwọ́ rẹ ní ààrò. Ìyá rẹ ní ọkọ òun ni òun ń wò. Òótọ́ ni. Èmi ni mo fi yẹ́lò pa ara mi rẹ́ lójú rẹ̀, nítorí pé mò ń jowú ara mi.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú mi bẹ̀ ọ́. Ojú ló fọ́, ojú kọ́ ló ń súfèé. Ká ní mo bèèrè lọ́jọ́ náà pé, “Ọmọ mi, kí lo yà síbí?”, ò bá ti nawọ́ sí i. Ìbéèrè kan ṣoṣo. Àwàdà ló yá mi lẹ́nu.

Èyí tó kù ni ojú ìyá rẹ. Pupa yẹn, òróró ni a fi pò ó, òróró sì lo fi ya tìrẹ. Òróró lórí òróró, ìgbéyàwó tí kò ní ìkọ̀sílẹ̀ ni. Mo fi kẹrosíìnì díẹ̀ gbìyànjú létí rẹ̀ ọ̀tún, àkísà náà sì kó àwọ̀ tèmi àti àwọ̀ tìrẹ papọ̀. Mo ti bó etí ìyá rẹ. Mo jáwọ́. Bí àwòrán náà ṣe wà nìyí: fèrèsé ti là, búlúù ti padà, ọkùnrin orí àkàbà ń rẹ́rìn-ín wọlé, obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín sí sì ní ojú bèbí onírọ́bà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa, kò jọ ẹnì kankan tí a mọ̀.

Àwọn tí o rán yóò bá a ní dídì lọ́jọ́ Ẹtì. Bí o bá ní kí wọ́n gbé e, wọn á gbé e. Bí o bá ní kí wọ́n fi sílẹ̀, á wà níbí. Mi ò ní kí o wá tún ojú náà yà. Mi ò lẹ́nu irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò sì ní kí o dárí jì mí, torí èmi náà kò tíì dárí ji ara mi, kí ló dé tí wàá fi ṣíwájú mi? Ohun kan ni mo bẹ̀: bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ níbi ìpàtẹ yẹn, má ṣe sọ pé bàbá mi ló bá mi tọ́jú rẹ̀. Bí tẹlifóònù kò bá sì dún ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, mi ò ní bi Káfíńtà bóyá iná ló lọ.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú rẹ ṣú kí o má mọ̀. Ẹni tí yóò fi ìfẹ́ ba iṣẹ́ rẹ jẹ́ kò ní wọlé tọ̀ ọ́ mọ́. Ohun tí o bá gbé síwájú ènìyàn, wọn yóò rí i kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ọjọ́ rẹ yóò gùn, àárọ̀ rẹ yóò jẹ́ búlúù. Àṣẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ojú rẹ̀ là nígbà tí ọjà ti tú,
Bàbá Ọlọ́dà.

Mo gbàgbé ohun kan: ọkùnrin orí àkàbà yẹn kò dé fìlà. Fìlà kì í kúrò lórí mi níbi iṣẹ́, ìwọ náà mọ̀. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ǹ bá ti fi búrọ́ṣì dé e fún un. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ó sì lè jẹ́ pé mo ṣí fìlà lọ́jọ́ kan, tí ìyá rẹ sọ ọ́ fún ọ. Ẹni tí ǹ bá bi, èmi náà ni mo kun ẹnu rẹ̀ pa.